Ohun Tó Ń Dán Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Fọwọ́ Kàn

Ọjọ́ tí a fẹ́ gbé Bàbá wa àgbà sínú pósí, kò sí ẹnì kankan nínú wa tó rántí pé ó yẹ kí a yẹ pósí náà wò. Káfíńtà ti gbé e dé láti àárọ̀. Ó ń dán bíi bàtà ọmọ ilé ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Gbogbo wa dúró yí i ká, a ń yin igi, a ń yin fáníìṣì. Màmá wa àgbà, ìyàwó Bàbá, tí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, ló ti ẹnu ọ̀nà yàrá sọ̀rọ̀.

"Ta ló ti fọwọ́ kàn án?"

A wo ara wa.

"Mo ní ta ló ti fọwọ́ kàn án? Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ kí Bàbá Ìyábọ̀ wọ inú nǹkan tẹ́nì kan ò tíì yí po?"

Ojú tì wá. Mo bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, bí Bàbá ṣe kọ́ wa, mo ń fa àwọn irin ìdìmú pósí náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkíní le. Èkejì le. Ẹ̀kẹrin bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ìṣó kan ṣoṣo ni káfíńtà fi kàn án mọ́ igi, ìṣó ọ̀hún ò sì gùn ju èékánná lọ. Bí a bá ti gbé e jáde báyẹn, ẹ̀bá kòtò ni ìtìjú ì bá ti bá wa, níṣojú pásítọ̀ àti gbogbo àna. Káfíńtà ń bẹ̀bẹ̀, ó ń fi òòlù wá ibi tó máa sá sí. Màmá bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ ìsìnkú ọkọ wọn, ẹ gbọ́ mi o, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní:

"Wọ́n ti kú tán, wọ́n ṣì jàre gbogbo yín."

Mi ò fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé Bàbá láti ọjọ́ ìkómọ títí dé ọjọ́ ìsìnkú. Ẹni tó bá fẹ́ irú ìyẹn, ó wà lẹ́yìn ìwé ètò ìsìnkú, àṣìṣe mẹ́rin sì wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ wọn ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Ọwọ́ Bàbá kì í sinmi. Kò sí ohun tí wọ́n gbà pé ó wà ní dídára àfi tí ọwọ́ wọn bá dé ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi wọ́n hàn yín. Bàbá wa kì í ṣe ọmọ Àgége, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àgége ni wọ́n gbé pẹ́ jù láyé. Ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n, adúláwọ̀ bíi tiwa, tí wọ́n kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú kọjá òkun. Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn aláṣẹ ìlú wọn gbà pé ọpọlọ adúláwọ̀ kò lè darí ọkọ̀ òfurufú. Bàbá wà lára àwọn díẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ níṣẹ́ náà, mo sì rò pé ṣe ni wọ́n kọ́ wọn kí gbogbo ayé lè jókòó wo bí wọ́n ṣe máa kùnà. Wọn ò kùnà. Ọkọ̀ ogun elẹ́nìkan ni Bàbá gbé lójú òfurufú Ítálì, tí wọ́n ń sin àwọn ọkọ̀ ńlá ajubọ́ǹbù lọ sójú ogun, tí wọ́n sì ń sìn wọ́n bọ̀. Òyìnbó ló kún inú àwọn ọkọ̀ ńlá ọ̀hún. Àwọn òyìnbó kan náà yìí kì í jókòó ti Bàbá jẹun tí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀ tán.

Orúkọ tó wà nínú ìwé wọn gùn. Ní Àgége, kò sẹ́ni tó ń fi pè wọ́n àfi àwọn ará Imigiréṣọ̀n, àwọn náà kì í sì í pè é dáadáa. Àdúgbò ń pè wọ́n ní Bàbá Fọwọ́kàn-án. Níbi iṣẹ́ wọn, wọ́n ń jẹ́ Bàbá Pailọ́ọ̀tì, ìdajì rẹ̀ fún ìyìn, ìdajì fún yẹ̀yẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó rí ọkọ̀ òfurufú kankan lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, mo gbé ìbéèrè tí gbogbo ọmọkùnrin ń bi ara wọn lọ bá wọn.

"Bàbá, ọkọ̀ ọ̀tá mélòó lẹ fìbọn já lulẹ̀ lójú ogun?"

Wọ́n ní: "Ẹ bi mí, mélòó ni mo sìn délé."

Bẹ́ẹ̀ ni, "ẹ" ni wọ́n fi bá mi sọ̀rọ̀, èmi ọmọ ọdún mẹ́jọ. Màmá, tó jẹ́ ará Ìjẹ̀bú, ló kọ́ wọn ní Yorùbá, Màmá sì ti sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé "ẹ" kì í kó èèyàn sí wàhálà. Bàbá wá fi bá gbogbo ohun ẹlẹ́mìí lò. Mo ti gbọ́ ọ létí ara mi, tí wọ́n dúró nínú ọgbà wọn tí wọ́n ń bẹ ewúrẹ́ aládùúgbò: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò nínú ẹ̀fọ́ mi."

Ẹ wá wọ ọkọ̀ ìjàpá wọn. Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni, ṣọ́ọ̀ṣì wa wà ní àdúgbò Ọgbà. Gbogbo ilé ti há sínú ọkọ̀, gèlè Màmá ti ń kan òrùlé, òógùn ti ń bọ́. Bàbá ṣì wà níta. Apá òsì ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fọwọ́ kan táyà, wọ́n á fọwọ́ kan iná, wọ́n á ṣí ẹ̀yìn níbi tí ẹ́ńjìnnì wà, wọ́n á fa bẹ́líìtì rẹ̀ wò, wọ́n á gba ọ̀tún yí padà síwájú. Ìwé pélébé kan sì wà tí ẹni tó bá jókòó síwájú gbọ́dọ̀ máa kà sókè.

"Táyà iwájú, apá òsì!"

"Mo ti kàn án."

"Bíréèkì!"

"Mo ti kàn án."

"Ilẹ̀kùn Màmá!"

"Mo ti kàn án."

"Bàbá Ìyábọ̀," Màmá á pariwo, "ṣé Ítálì là ń lọ ni? Ọgbà ni o! Ọgbà tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé kí ẹ tó parí ìwé yìí!"

Bàbá á jókòó, wọ́n á fa ilẹ̀kùn wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á pe Màmá lórúkọ, wọ́n á ní: "Bísí, àwọn tó kú sí tòsí ilé pọ̀ ju àwọn tó kú sọ́nà jíjìn lọ."

Kì í ṣe ọkọ̀ nìkan. Wọ́n ń yí sítóòfù po. Wọ́n ń yí àkàbà po. Nígbà tí bàbá mi kó àwọn ẹbí rẹ̀ láti Èkìtì wá tọrọ Ìyábọ̀, ìyá mi, àwọn alága ìjókòó ti ń kọrin, àwọn iṣu ti wà nílẹ̀, ni Bàbá bá dìde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti òsì. Wọ́n fọwọ́ kan èjìká ọkọ ìyàwó, wọ́n tẹ orúnkún rẹ̀, wọ́n fa etí rẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní kó ya ẹnu. Àwọn ará Èkìtì ò mọ̀ bóyá kí àwọn bínú ni àbí kí àwọn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi títí dòní ń sọ pé òun ò tíì dúró gbọnyin tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Bàbá padà sí àga wọn, wọ́n kéde fún gbogbo ilé:

"Kò sí ibi tó ń jò lára wọn. Ẹ fún wọn ní ọmọ mi."

Orúkọ Ìyábọ̀ gan-an ní ìtàn tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí ìyá mi ni lẹ́tà dé láti Amẹ́ríkà pé ìyá Bàbá ti kú. Àwọn ẹbí Màmá ò tilẹ̀ ronú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní Ìyábọ̀ lọmọ máa jẹ́. Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá pé ìyá wọn ló tún padà wá bá wọn ní Àgége. Bàbá gba ọmọ náà, wọ́n yẹ ìka ọwọ́ rẹ̀ wò, wọ́n yẹ tẹsẹ̀ wò, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n rí ìwé ìwọlé gbà?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Màmá ní Bàbá náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni wọ́n sunkún fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwé yẹn sọ́kàn. Mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Mo ti tó ọmọ ogún ọdún kí wọ́n tó sọ ìdí tí ọwọ́ wọn fi rí bẹ́ẹ̀ fún mi. Ọ̀rẹ́ kan wà tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kángun sí tiwọn ní bárékè, Ẹ́dì lorúkọ rẹ̀. Ìròyìn dé pé ọ̀gágun ńlá kan ń bọ̀ wá wò ó bóyá kí wọ́n jẹ́ kí àwọn adúláwọ̀ máa fò lọ ni, àbí kí wọ́n dá wọn padà sídìí ṣọ́bìrì. Wọ́n ní kí wọ́n fi òróró nu gbogbo ọkọ̀ òfurufú. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi nù wọ́n. Páìpù kékeré kan wà lábẹ́ apá ọkọ̀, kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ, afẹ́fẹ́ tó ń gbà á wọlé ló ń sọ fún ẹni tó ń wakọ̀ bí eré rẹ̀ ṣe tó. Kí òróró má baà dí i, wọ́n fi àkísà dì í lẹ́nu. Ní àárọ̀ ọjọ́ àlejò, Ẹ́dì wo ọkọ̀ rẹ̀. Ó ń dán tó bẹ́ẹ̀ tó fi rí eyín ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó gòkè. Àkísà ṣì wà lẹ́nu páìpù. Aago tó ń ka eré parọ́ fún un, ọkọ̀ ò sì rí eré tó, ó sì já lulẹ̀ ní ìparí pápá, níṣojú ọ̀gágun, Ẹ́dì sì kú.

"Ọ̀gágun kọ ọ́ sínú ìwé pé adúláwọ̀ ò lè fò," Bàbá wí. "Kò kọ àkísà síbẹ̀. Àwọ̀ wa ló kọ."

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n wá ṣe.

Wọ́n ní ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn yí ọkọ̀ tàwọn po láti òsì, àwọn fọwọ́ kan gbogbo ara rẹ̀ tó fi dórí àwọn ìdè irin tó so ó pọ̀, àwọn gòkè, àwọn fò. Gbogbo àwọn tó kù náà ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fò lọ títí àwọn ọkọ̀ ńlá òyìnbó fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fúnra wọn pé àwọn adúláwọ̀ ni kó wá sin àwọn lọ. Ọ̀gágun ò nu ohun tó kọ rẹ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó kà á mọ́. Bàbá wá gbá mi lórúnkún.

"Ohun tó ń dán ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn."

Tí ẹ bá fẹ́ rí ìjà ní ilé wa, ẹ kàn béèrè bí Bàbá ṣe dé Àgége.

Bí Bàbá ṣe ń sọ ọ́ rèé. Nígbà tí ogun ń lọ sópin, wọ́n rán àwọn gbé ọkọ̀ kan gba ilẹ̀ Áfíríkà kọjá, àwọn sì sọ̀kalẹ̀ ní Ìkẹjà láti bu epo. Wọ́n ṣì ń fẹ pápá ọkọ̀ òfurufú ọ̀hún nígbà náà, àwọn obìnrin ló ń ru òkúta. Àwọn obìnrin yẹn ti rí ọkọ̀ òfurufú títí ó fi sú wọn, àmọ́ òyìnbó ló ń ti inú gbogbo rẹ̀ jáde. Lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀kùn ṣí, ẹni dúdú ló yọrí. Ọmọbìnrin kan sọ agbọ̀n òkúta rẹ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Àwọn tó kù bá a pa á, títí gbogbo pápá fi ń dún. Lẹ́yìn ogun, Bàbá wá iṣẹ́ awakọ̀ òfurufú kiri ní ìlú wọn, ìgbálẹ̀ ni wọ́n nà sí wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rántí àtẹ́wọ́ yẹn. Wọ́n wọkọ̀ ojú omi, wọ́n padà wá, wọ́n ń béèrè ní Ìkẹjà ọmọbìnrin tó sọ òkúta kalẹ̀.

"Wọ́n sì rí mi," Màmá á wí. "Àmọ́ èmi kọ́ ni mo pàtẹ́wọ́."

"Ẹ̀yin ni, Bísí."

"Èmi kọ́! Ẹ̀rù ń bà mí ni! Mo rò pé ẹ jí ọkọ̀ náà ni."

"Ẹ pàtẹ́wọ́. Mo rí yín."

"Ọrùn ń dùn mí ni mo fi sọ òkúta kalẹ̀. Ẹlòmíì ló pàtẹ́wọ́. Ẹlòmíì lẹ bá fẹ́!"

Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn jiyàn rẹ̀ rèé láti ìgbà tí ìyá mi ti gbọ́njú. Kò sí ọdún Kérésì tí kò wáyé. Bàbá kì í bínú sí i, ṣùgbọ́n wọn ò fi sílẹ̀ rí. Nígbà tí gbogbo wa bá ti rẹ́rìn-ín tán, wọ́n á rọra sọ ọ́ fún ẹni tó bá sún mọ́ wọn: "Wọ́n ti máa ń bú mi tí mo bá sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀ òfurufú. Ìkẹjà ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́."

Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tó wà níbí nígbà náà ò fún wọn ní ọkọ̀ gbé. Òyìnbó ló ń gbani sí iṣẹ́ níbẹ̀, òyìnbó náà ló ń wa ọkọ̀. Bàbá wọ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà, wọ́n sì di ọ̀gá àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ. Ìwé tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn wá dé. Lọ́dọọdún, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé kan fún Imigiréṣọ̀n pé àwọn ṣì nílò àlejò yìí. Láìsí ìbuwọ́lù yẹn, àlejò gbọ́dọ̀ máa lọ sílé. Ẹ ó ní ṣebí ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyàwó wọn, ọmọ wọn ń jẹ́ Ìyábọ̀. Ìwé ò mọ ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, Màmá kì í lè jẹun dáadáa títí ìwé yẹn á fi dé.

Àwọn ológun wá gbé ìjọba fún àwọn alágbádá. Inú gbogbo wa ń dùn, inú àwọn alágbádá ń dùn jù wá lọ, wọ́n sì ń wá ohun tí wọ́n máa ṣí. Láyé ìgbà yẹn, bí ẹ bá gbẹ́ ṣáláńgá tuntun, kọmíṣọ́nnà lè wá gé ríbọ́ọ̀nù níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ Bàbá ra ẹ̀rọ tuntun tó ń pa aṣọ láró, kọmíṣọ́nnà kan sì gbà láti wá ṣí i. Èmi ò sí níbẹ̀, ọmọ ilé ìwé ni mí. Ràṣídì, tó ń tan bọ́ílà níbẹ̀, ló sọ ọ́ fún mi, ó ti sọ ọ́ tó ìgbà ogún, kò sì yí i padà rí.

Bọ́ílà ni ìkòkò irin ńlá tó ń se omi di ooru fún ẹ̀rọ aláró. Fáàfù kan wà lórí rẹ̀: bí ooru bá ti pọ̀ jù nínú, fáàfù yìí á ṣí fúnra rẹ̀, á tú u dànù, kí ìkòkò má baà bẹ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n ti pa bọ́ílà kí wọ́n lè so páìpù tuntun mọ́ ọn. Máníjà wọn, ọkùnrin tó fẹ́ràn kí nǹkan máa mọ́ lójú, wá ní kí wọ́n kun gbogbo ilé iṣẹ́ ní ọ̀dà de kọmíṣọ́nnà. Wọ́n kun ògiri. Wọ́n kun ojú gọ́tà. Wọ́n kun òkúta etí ọ̀nà àti ìdí igi máńgòrò. Ràṣídì ní ká ní ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì sùn lọ díẹ̀ ni, wọn ì bá kun ẹ̀ṣọ́ gan-an. Wọ́n sì kun bọ́ílà láti òkè délẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì, ní ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ àlejò, Bàbá dé pẹ̀lú ìwé wọn lábẹ́ abíyá. Òfin ilé iṣẹ́ ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan bọ́ílà àfi tí Bàbá bá ti buwọ́ lu ìwé yẹn.

"Bàbá Pailọ́ọ̀tì, ẹ yára o," Ràṣídì wí. "Ẹ wò ó bó ṣe ń dán! Mo fi ṣe díńgí fá irùngbọ̀n láàárọ̀."

"Mo rí i," Bàbá wí. "Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti òsì. Wọ́n kan páìpù, wọ́n kan aago, wọ́n gun àkàbà dé ìdí fáàfù. Ọwọ́ irin kékeré kan wà lára rẹ̀, bí a bá gbé e, ó gbọ́dọ̀ dìde. Bàbá gbé e. Kò dìde. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Ọ̀dà ti wọ gbogbo ojúhò rẹ̀, ó ti gan síbẹ̀ bíi sìmẹ́ǹtì.

"Ràṣídì, ẹ má tan án."

"Haa, Bàbá! Ọ̀dà lásán? Tó bá gbóná, á yọ́."

"Tí ò bá yọ́ ńkọ́?"

Máníjà sáré dé, táì rẹ̀ ti yí sẹ́yìn ọrùn. "Bàbá, ẹ ṣì wà níbí? Agogo mẹ́wàá ni kọmíṣọ́nnà ń bọ̀!"

Bàbá ṣàlàyé. Wọ́n ní àwọn máa tú fáàfù, àwọn á fọ̀ ọ́, ó di ọ̀sán. Wọ́n na ọwọ́ sí ògiri. Lódìkejì ògiri yẹn gan-an ni wọ́n to àga àwọn àlejò sí, gbogbo òṣìṣẹ́ ló sì máa dúró sẹ́yìn wọn.

"Kò sí ọ̀sán nínú ètò!" Máníjà fi ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ẹ gbọ́ mi. Ìwé Imigiréṣọ̀n yín wà lórí tábìlì mi. Mi ò tíì fọwọ́ sí i. Bí ẹ ò bá fọwọ́ sí ìwé bọ́ílà nísinsìnyí, mi ò ní fọwọ́ sí tiyín. Ẹ máa padà síbi tẹ́ ẹ ti wá."

Ràṣídì ní Bàbá wo ọwọ́ ara wọn. Wọ́n fi àkísà nù ún, wọn ò yára, ìka kan tẹ̀ lé ìka kan. Ìyábọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Bísí wà níbẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, níbi tí mo jókòó sí nínú kíláàsì tí mi ò mọ nǹkan kan. Ilé tí wọ́n sọdá òkun wá wá ni Máníjà dì mọ́wọ́ yẹn.

"Ọ̀gá," Bàbá wí, "ẹ mú tiyín dání. Èmi náà á mú tèmi dání." Wọ́n da bọ́kẹ́ẹ̀tì kan dé, wọ́n jókòó lé e lórí síwájú bọ́ílà, ìwé lórí ẹsẹ̀.

Máníjà kọjú sí Ràṣídì. "Ìwọ, tan án. Èmi ni mo ní kó o tan án."

Ẹ rántí pé Ràṣídì ti ń fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ tó ti wọ ilé iṣẹ́ yẹn. Òun ló máa ń fọwọ́ kan búrẹ́dì lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó bù ú jẹ, kí gbogbo ènìyàn lè rẹ́rìn-ín. Ó wo Máníjà, ó wo bọ́ílà, ó ju ìṣáná sí àpò rẹ̀.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Bàbá ò tíì kàn án."

Bí Máníjà ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nìyẹn. Bàbá ṣàánú rẹ̀. Wọ́n ní: "Ṣé kọmíṣọ́nnà mọ bí ooru ṣe rí? Iná mànàmáná ló ń yí àwọn róólà tó ń fa aṣọ. Ẹ lọ mú aṣọ tí a ti pa láró tẹ́lẹ̀ wá láti sítóò."

Kọmíṣọ́nnà dé, ó gé ríbọ́ọ̀nù, róólà yí, aṣọ búlúù rìn jáde. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kọmíṣọ́nnà fọwọ́ kan aṣọ náà, ó ní, "Ó mà tètè gbẹ o!"

"Ẹ̀rọ tuntun ni, sà," Máníjà wí.

Lẹ́yìn tí àlejò lọ, wọ́n yí ká fáàfù. Ràṣídì fi páìpù gígùn wọ́ ọn, ẹlòmíì bá a fà á, kò mì. Wọ́n da tínnà tó ń yọ́ ọ̀dà sí i, wọ́n dúró, wọ́n fi òòlù lù ú, kó tó já. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Máníjà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà kàn án. Ó ki àtàǹpàkò rẹ̀ bọ inú rẹ̀, ó yọ ọ́ jáde pẹ̀lú ọ̀dà. Ó yíjú sí ògiri yẹn, níbi tí wọ́n ṣì ń ká àga lódìkejì rẹ̀. Ó lọ sí ọ́fíìsì, ó mú ìwé kan bọ̀, ó tẹ́ ẹ sára bọ́ílà, ó buwọ́ lù ú. Ìwé yẹn wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Àmì àtàǹpàkò aláwọ̀ fàdákà wà lápá ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ṣì ń dán.

Ó na ìwé náà sí Bàbá. Ó ní: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òsì lẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni àbí ọ̀tún?"

Ràṣídì gun kẹ̀kẹ́ ṣáájú wá sí Àgége, ó ti ro gbogbo rẹ̀ fún Màmá kí Bàbá tó dé. Èyí tó kù, ojú mi ló ṣe. Màmá jókòó sí fàráńdà, wọ́n di etí ìró wọn mú. Bàbá yọ láti kọ̀rọ̀ òpópónà, wọ́n ń rìn bí wọ́n ṣe máa ń rìn, ìwé lọ́wọ́. Màmá dìde dúró. Wọ́n ju abẹ̀bẹ̀ nù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, gbọnmọ-gbọnmọ, àwọn aládùúgbò ń yọjú lójú fèrèsé.

"Bàbá Ìyábọ̀! Mo kí yín o! Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí mo máa pàtẹ́wọ́ fún yín láyé mi!"

Bàbá dúró sáàárín ọ̀nà.

"Ẹ̀ẹ̀kejì?"

Màmá fọwọ́ bo ẹnu. Ó ti bọ́.

"Ràṣídì, ẹ gbọ́!" Bàbá ń jó, àgbàlagbà tó ní ọmọ-ọmọ. "Ẹ̀ẹ̀kejì ni wọ́n wí! Gbogbo yín lẹ gbọ́! Èkíní wà nígbà náà!"

"Ẹ wọlé, ẹ wá jẹun," Màmá wí. "Ṣé wọ́n buwọ́ lù ú?"

"Wọ́n buwọ́ lù ú."

"Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án."

Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n tún lò pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Bàbá ti lé ní àádọ́rùn-ún nígbà tí wọ́n sùn tí wọn ò jí. Ní ọjọ́ ìsìnkú, káfíńtà fi ìdè irin mẹ́rin mẹ́rin de gbogbo irin ìdìmú, mo tún yí i po, mo sọ fún Màmá pé mo ti kàn án. A gbé Bàbá jáde. Irin dúró. Bí a ṣe dé ibi tí Màmá jókòó sí, wọ́n gbé ọ̀pá wọn lé orí ẹsẹ̀ kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣófo. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Àwọn nìkan ló ń pa á, kò sì ròkè, ọwọ́ arúgbó ni. Pásítọ̀ dẹ́kun orin. A dúró pẹ̀lú pósí lọ́wọ́ títí wọ́n fi ṣe tán.

"Ẹ máa gbé wọn lọ," Màmá wí. "Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn."